Àṣẹ Tuntun Lórí Ìbò Inú Àpòòwé àti Ọjọ́ Orí Àwọn Tó Fi Í Ránṣẹ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Ìrókò, ẹ dákẹ́ ariwo! Kábíyèsí ló rán mi. N kò dá a sọ o!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé odò Aláró ti gbé afárá lọ. Àwọn ará oko tó wà lódìkejì odò kò rí ọ̀nà wá dìbò yan alága. Wọ́n fi ìbò wọn sínú àpòòwé, mọ́tò ìfìwéránṣẹ́ gba ẹ̀yìn igbó yí ká fún ọjọ́ mẹ́ta. Abọ́sẹ̀dé ni gbogbo wọn dìbò fún, nítorí ó ní òun yóò tún afárá ṣe.

Ìbò náà tètè dé o! Ó tètè dé! Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní ìbò ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣíwájú ìbò àgbà wọnú àpótí. Ó ń dúró de ìbò Baba Adégbìjà, àgbà gbogbo ará oko. Bẹ́ẹ̀ Baba ti wà nílùú níbí láti ìgbà ọdún iṣu, wọ́n ń tọ́jú ojú rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi dìbò. Ọ̀gá ń dúró. Ìbò ń dúró. Wọ́n ti àpótí pa. Alátakò Abọ́sẹ̀dé, tó sọ pé afárá ń sọ èèyàn di alárìnkiri, ló wọlé. Ẹ kú orí ire o!

Wàyí o, Kábíyèsí ti tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Èkíní! Kí ìkíni wà lẹ́yìn gbogbo àpòòwé: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ìbò tí kò bá kí ọ̀gá, àtìmọ́lé ni!

Èkejì! Ètò ọjọ́ orí kò yí padà. Kò yí padà! Tó bá jẹ́ ìbejì, Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kí ìbò Táyé jókòó dè é. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kó lọ bi ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ti kú, kó má dìbò mọ́.

Ẹ̀kẹta! Ẹni tó bá béèrè pé ìbò òun dà, ewúrẹ́ rẹ̀ di ti ààfin. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti fi í joyè. Ayárabíàṣá ti Ìdó-Ìrókò! Ẹ bá wa yọ̀.

Ẹ̀kẹrin! Ará oko tí inú rẹ̀ kò bá dùn, kó yọjú sí ààfin kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀. Kó gba orí afárá wá. Ẹni tí a kò bá rí, a ó gbà pé inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹrú, mo fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi Ògúnṣínà akéde ni mo kéde bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi wà lódìkejì odò, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sì ni agbẹ̀bí wà. Inú rẹ̀ dùn o. Inú rẹ̀ dùn.