Àdín Lẹ́sẹ̀ Ṣínúọlá

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó fi epo ra ẹsẹ̀ kì í yan ilé tí yóò yà sí? Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí ni. Àwọn mìíràn á ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún epo ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mo mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mo sì mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú.

Ṣínúọlá lorúkọ obìnrin náà. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lórí òkè pátápátá ní ìlú Òkè-Ọ̀pẹ, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú. Ó ti lé lógójì ọdún, ó sì sanra díẹ̀, síbẹ̀ bàtà onítáyà ló fi ń rìn. Bàtà náà ga dé ọrùn ẹsẹ̀ bíi ti ṣọ́jà, táyà mẹ́rin sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń yí po nínú gbọ̀ngàn o. Ti ìta gbangba ni, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọ̀, kó lè gba orí òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, lọ́dọ̀ ọmọ onílé wọn. Nígbà tó wá rí ọ̀kan láàrin bàtà òkìríkà lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò tún ní í bá ọlọ́kadà kankan jiyàn mọ́. Láti ìgbà náà, bó bá ti rán aṣọ tán, á gbé e há ẹ̀yìn nínú báàgì, á sì yí gbirigbiri lọ bá oníbàárà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kì í gbà. Nísàlẹ̀ òkè náà, ọ̀nà pín sí méjì. Èyí tó yà sósì lọ sí ààrin ìlú. Èyí tó yà sọ́tùn-ún lọ tààrà sílé Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tó ń se ọṣẹ dúdú tà. Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì kò ti kí ara wọn. Ohun tó fà á ni bùbá tí Ṣínúọlá rán fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí ìyá wọn. Bí Ìbídùn ṣe kúnlẹ̀ láti kí àwọn àgbà ìjọ, bùbá náà ya fàà láti abíyá dé ìbàdí. Ìbídùn bá sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìkà ni àbúrò òun fi rán aṣọ náà, kì í ṣe òwú. Ẹ sì mọ̀ pé èèyàn lè bú aránṣọ nírìn, kó bú u ní ìdúró, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ṣínúọlá dáhùn níbẹ̀ pé títí ayé, ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, òsì ló ń yà.

Ó wá di ọdún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹrẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ táyà, iyanrìn wọ inú rẹ̀, bàtà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe igbe kékeré. Ṣínúọlá á ṣì wà lókè, àwọn ará ìsàlẹ̀ á ti máa sọ pé aránṣọ ń bọ̀. Oníbàárà kan tilẹ̀ sọ fún un pé òun rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń dè lókùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó gbé bàtà náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣówándé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Bàbá Ṣówándé yí táyà kan, ó gbé e sétí, ó mi orí. Ó ṣàlàyé fún un pé kó tú táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó fi àkísà gbígbẹ nu ẹrẹ̀ kúrò, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha gbogbo kọ̀rọ̀. Ó ní kó yọ àwọn béárìn, ìyẹn òrùka irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí táyà yí, kó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kó sá wọn títí wọn yóò fi gbẹ. Táyà tó bá ti jẹ lápá kan, kó yí i sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan sókè.

"Ẹ̀kán kan," ó wí. "Òróró máṣíìnì, ẹ̀kán kan fún béárìn kan, kí o sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù. Rọ́bà tó wà nímú bàtà yìí, òun ni búréèkì rẹ. Kí òróró má kàn án."

Ká sọ tòótọ́, Ṣínúọlá kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó tú, ó nu, ó ha, ó fọ̀, ó sá. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, béárìn mẹ́rìndínlógún tò sórí ìwé ìròyìn bí ẹyin àparò. Ìgbà tó kan òróró ló gbé ìgò òróró máṣíìnì rẹ̀ dojú dé, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ìgò àdín tó fi ń para. Ó rò ó pé òróró ni òróró ń jẹ́. Ohun tí kò pa ọmọ tuntun lára, kí ni yóò ṣe irin? Ó kán ẹ̀kán kan. Ó yí táyà náà wò, ó yí dáadáa. Ó ní bí ẹ̀kán kan bá ṣe èyí, kí ni mẹ́wàá kò ní ṣe? Ó dà á. Nígbà tí àwọn béárìn mu ún yó, ó fi èyí tó kù ra ojú táyà kó lè dán. Ó wo rọ́bà imú bàtà, ó rí i pé òun nìkan ló ṣì gbẹ, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fi àdín ra òun náà.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé ìró àti bùbá oníbàárà kan há ẹ̀yìn, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Bàtà kò ké. Kò tilẹ̀ mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kọjá lára igi ọdán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé igi náà ti yára kọjá jù. Ó tẹ imú bàtà mọ́lẹ̀ kó lè dúró. Rọ́bà náà yọ̀ bọ̀rọ́ lórí ọ̀dà, eré sì tún le sí i.

Ṣínúọlá kì í ṣe ẹni tí ń pariwo, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú onígbàjámọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé ẹ káàárọ̀, bàbá, ṣé dáadáa lẹ jí. Kó tó dé "dáadáa", iwájú obìnrin tó ń din àkàrà ló wà, obìnrin náà ló sì dáhùn pé a dúpẹ́. Ó tún rí ìyàwó olórí ìjọ tó ń bọ̀. Ẹni tí à ń kúnlẹ̀ kí nìyẹn. Ṣínúọlá kò lè kúnlẹ̀, ó bá tẹ orúnkún méjèèjì, ó lóṣòó díẹ̀, kó má bàa dà bí aláfojúdi. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàtà onítáyà rí mọ̀ pé ẹni tó bá lóṣòó lórí rẹ̀, eré ló ń wá. Ìwà ọmọlúàbí yẹn ló tì í dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì.

Ó fi ara sósì. Ó fi orí sósì. Ó na ọwọ́ méjèèjì sósì. Ẹsẹ̀ yà sọ́tùn-ún.

Géètì Ìbídùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igi gúáfà kan wà níbẹ̀, Ṣínúọlá dì mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, ẹ̀ka náà sì dá, ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ilé tó ti fi ọdún mẹ́rin sá fún, pẹ̀lú ewé lọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ pàdé ọba. Ó gba àárín ìkòkò ọṣẹ méjì kọjá láìfara kan ọ̀kankan, ó kọlu òkìtì eérú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jọ fún ọṣẹ, ó sì rì sínú rẹ̀ dé àyà.

Nígbà tí eérú rọlẹ̀, Ìbídùn ló dúró níwájú rẹ̀, ọ̀pá tó fi ń ro ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ṣínúọlá rí i, ó sì gún un láyà, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un.

"Ṣé ìwọ nìyí?" Ìbídùn béèrè.

"Èmi ni, àǹtí mi. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"O ní ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ilẹ̀ ilé mi títí ayé."

Ṣínúọlá yọ ẹsẹ̀ kan jáde nínú eérú, ó wò ó dáadáa. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń yí. "Kò tíì tẹ̀ ẹ́, mà," ó wí. "Táyà ló tẹ̀ ẹ́."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan táyà náà, ó gbé ìka sí imú, ó ní àdín ni. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àdín lára, eérú lára, ó ní gbogbo ohun tí òun fi ń se ọṣẹ ló ti pé sí i lára báyìí, iná nìkan ló kù.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le. Ṣínúọlá kò lè dìde pẹ̀lú bàtà náà, nítorí bó bá ti gbìyànjú, á tún yọ̀ padà. Bó bá sì bọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀, ìbúra rẹ̀ á dòfo. Ó jókòó sínú eérú, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń ronú. Ìbídùn fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí wá, ó jókòó tì í, ó sì ń tú okùn bàtà náà ní pẹ̀lẹ́, bó ti máa ń ṣe fún un nígbà tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé ní kékeré.

"Bùbá yẹn," ó wí láìgbé ojú sókè, "ó ti fún mọ́ mi lára kí n tó jáde nílé. Mo mọ̀. O ní kí n wá kí o tún mi wọ̀n, mo ní mi ò sanra. Ojú ló tì mí, mo bá dà á lé ọ lórí."

 Omi bọ́ lójú Ṣínúọlá, ó la ọ̀nà méjì sínú eérú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàtà bọ́ tán, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nítorí iná ọṣẹ.

"Ẹ má bínú, àǹtí mi," ó wí. "Ó ti yẹ kí n wá tipẹ́."

Bàtà náà ni wọ́n fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà tún ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn béárìn kí omi má bàa kàn wọ́n, wọ́n wá fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ àdín kúrò lára táyà àti rọ́bà. Wọ́n rẹ béárìn sínú kẹrosíìnì, wọ́n sá wọn sórí páànù, wọ́n sì tọrọ òróró máṣíìnì nílé kejì. Ṣínúọlá ń kán an, Ìbídùn ń kà á fún un bíi tíṣà. Wọn kò tíì kán an tán tí ìyá alákàrà àti ìyàwó olórí ìjọ fi dé, láti wò ó bóyá aránṣọ ṣì wà láàyè. Wọ́n bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lórí àpótí kan ṣoṣo. Ìyá alákàrà bi Ṣínúọlá pé ṣebí ó búra ni, kí ló wá gbé e wá? Ṣínúọlá wolẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má bi í," Ìbídùn wí. "Ẹni tó fi epo ra ẹsẹ̀ kì í yan ilé tí yóò yà sí."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti gun òkè dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Níbòmíràn, wọ́n ń fi í kìlọ̀ fún àwọn tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Ọ̀pẹ títí dòní, bí ọmọ ìyá méjì bá bínú síra wọn tí kò tán, àwọn àgbà kì í jókòó parí ìjà. Wọ́n á kàn béèrè bóyá àdín wà nílé. Ẹni tó fi epo ra ẹsẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í yan ilé tí yóò yà sí.