Típà Tíṣà Akínlẹ́yẹ Kò Tíì Kún

Àdúgbò Egan ni, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Òrùlé tuntun ń dán lórí ilé Tíṣà Akínlẹ́yẹ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Òrùlé àtijọ́ wà nílẹ̀ káàkiri àgbàlá: páànù tó ti dípẹtà, pákó, ìṣó. Típà tí Tíṣà háyà láti kó gbogbo ẹ̀ dànù ti wà lẹ́nu géètì láti aago méje, inú ẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Tíṣà alára jókòó sórí àpótí, ó ń fi òòlù na ìṣó tó ti wọ́ kó lè tọ́. Hamdalah, obìnrin tó ni típà tó sì ń wà á fúnra ẹ̀, wá dúró tì í.

HAMDALAH: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o.

TÍṢÀ: Ọ̀ọ̀, ọmọ mi.

HAMDALAH: Wákàtí mẹ́rin rèé tí mo ti wà níbí. Ẹ lé àwọn alágbàṣe lọ, ẹ lẹ́ ẹ máa kó o fúnra yín. Kí lẹ wá ti kó?

TÍṢÀ: Ṣebí mo ti ju nǹkan sí i.

HAMDALAH: Àpò ìrẹsì òfìfo kan.

TÍṢÀ: Àní mo ti bẹ̀rẹ̀!

HAMDALAH: Àpò ọ̀hún náà dà?

TÍṢÀ: Mo ti lọ mú un padà. Mo rántí pé mo lè kó ìṣó sí i.

(Hamdalah gbé páànù kan sókè. Ihò pọ̀ lára ẹ̀ débi pé à ń rí ojú Hamdalah láti ẹ̀yìn páànù.)

HAMDALAH: Èyí ńkọ́? Ṣé ká jù ú sí i?

TÍṢÀ: Rọra jọ̀ọ́! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni páànù yẹn fi ń gba òjò fún mi.

HAMDALAH: Ó ń gbà á lóòótọ́, ó sì ń gbé e kọjá sí yàrá.

TÍṢÀ: Ilé adìyẹ ni mo fẹ́ fi ṣe.

HAMDALAH: Ẹ ń sin adìyẹ?

TÍṢÀ: Ṣé adìyẹ ló ń ṣáájú ilé ni? Ṣebí èèyàn á kọ́kọ́ nílé kó tó gbé ìyàwó wọ̀ ọ́.

HAMDALAH: Ẹ̀yin lẹ dárúkọ ìyàwó o. Màmá ńkọ́?

(Òòlù dúró lókè.)

TÍṢÀ: Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ l'Ágbàdo. Ariwo káfíńtà ló sá fún. Òní ló ń bọ̀, aago méjìlá.

HAMDALAH: Ó ti dáa!

TÍṢÀ: Kò dáa o. Ó ní tóun bá bá ẹyọ páànù kan péré nínú àgbàlá yìí, òun ò ní sọ báàgì kalẹ̀, Àgbàdo lòun ń padà sí. Hamdalah, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń mu gààrí. Kì í sì í ṣe ti gààrí nìkan. Ilé dákẹ́ jù. Àárò ẹ̀ ń sọ mí gan-an ni.

HAMDALAH: Áà, Tíṣà! Ẹ kó o dànù jàre!

TÍṢÀ: Mo fẹ́ kó o. Tí mo bá ti gbé e báyìí, ọwọ́ mi kì í fẹ́ ṣí mọ́. Ṣé o mọ ìyà tó jẹ mí kí n tó ra páànù wọ̀nyí? Owó oṣù tíṣà! Mo wá fẹ́ sọ ọ́ nù bí èèpo ọsàn? A kì í sọ nǹkan nù nílé tiwa.

HAMDALAH: Kí lẹ máa ń ṣe sí i?

TÍṢÀ: À ń tọ́jú ẹ̀ ni. Tàbí ká fi ta èèyàn lọ́rẹ.

Hamdalah wo Tíṣà, ó wo páànù, ó tún wo Tíṣà. Ló bá kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ìkúnlẹ̀ gidi.

HAMDALAH: Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ fi páànù kan ta mí lọ́rẹ. Mo fẹ́ fi bo ibi tí mo ń to táyà sí.

TÍṢÀ: Kan? Kí ni kan fẹ́ bò? Ṣé ahun lo pè mí ni? Kó mẹ́wàá! Kó gbogbo ẹ̀!

HAMDALAH: Ẹ máa pẹ́ láyé fún wa. Pákó tó máa gbé e dúró nìkan ni mi ò ní.

TÍṢÀ: O ò ní pákó, nígbà témi wà láyé? Kó o!

HAMDALAH: Ìṣó ńkọ́, sà?

TÍṢÀ: (ó gbá àpò ìrẹsì mọ́ra) Ìṣó... àwọn tó ti tọ́?

HAMDALAH: Ẹ jẹ́ ó wà. Màá kàn sọ fáwọn èèyàn pé Tíṣà ṣoore, ó kù díẹ̀.

TÍṢÀ: Ó kù díẹ̀ kẹ̀? Àwa ará Èkìtì kì í ṣoore lábọ̀! Gbà!

Tíṣà ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹni tí kò lè gbé páànù kan láti àárọ̀ wá di alágbàrù. Ó ń gbé, ó ń ṣàdúrà lé e: “Wàá lò ó láyọ̀! Kò ní jò lé ọ lórí!” Kó tó tó ogójì ìṣẹ́jú, àgbàlá ti mọ́. Ó tiẹ̀ fi agolo ọ̀dà méjì àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe ènì.

HAMDALAH: Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Tíṣà. Ó wá ku owó típà.

TÍṢÀ: Owó kí ni?

HAMDALAH: Owó ẹrù tí mo fẹ́ gbé.

TÍṢÀ: Ẹrù ta ni? Ṣé mo fún ọ àbí mi ò fún ọ?

HAMDALAH: Ẹ fún mi.

TÍṢÀ: O sì dúpẹ́?

HAMDALAH: Mo dúpẹ́.

TÍṢÀ: Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti ń fúnni lẹ́bùn, tí ẹni tó fúnni á tún sanwó ọkọ̀ ẹ̀? Ẹrù ẹ ni. Máa gbé e lọ, kí o bá mi kí wọn nílé.

(Hamdalah bú sẹ́rìn-ín. Ó gun típà, ó sítáàtì ẹ̀, ó fa ọ̀pá kan. Ẹ̀yìn típà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Páànù ń dún gbàn-ùn gbàn-ùn.)

TÍṢÀ: Kí lò ń ṣe yẹn?

HAMDALAH: Ẹ̀yin lẹ là mí lójú, sà. Ṣé tèmi ni?

TÍṢÀ: Tìẹ ni!

HAMDALAH: Ẹni tó lẹrù ló mọ ibi tó ń gbé e sí. Mo fẹ́ kó o kalẹ̀ síwájú géètì yín níbí. Màá wá kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí mo bá ráyè.

(Kẹ̀kẹ́ kan yọ ní kọ̀nà. Obìnrin kan wà nínú ẹ̀, ó gbé báàgì lé itan.)

HAMDALAH: Ó jọ pé Màmá nìyẹn, àbí?

TÍṢÀ: (ó ń fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn típà, ó ń fọwọ́ kejì wá fóònù nínú àpò) Hamdalah, má dà á síbí, sọ ẹ̀yìn típà kalẹ̀! Tèmi ni! Gbogbo ẹ̀, tèmi ni! Ka nọ́ńbà àkáǹtì ẹ kí n sanwó, kí o bá mi lọ sọ ọ́ nù!