Ọkùnrin Tó Ní Ìyàwó Mọ́kànlélógójì

Láwọn ọdún tí òmìnira ṣì ń ta sánsán lára wa ní Dahomey, ohun mẹ́ta ni kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni ní Adja-Ouèrè: igi ọ̀pẹ, òpó àárín ilé, àti Marcellin Oyèbánjí, akọ̀wé ilé ìwòsàn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pẹ nìkan ló ń so èso.

Wọ́n rán Marcellin lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, fún ọjọ́ mẹ́ta, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń gba orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú àti ìdílé aláìsàn sílẹ̀ láìṣì í kọ. Ohun tó mú bọ̀ ni fìlà líle funfun kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó ìjọba máa ń dé nígbà kan. Fìlà náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Marcellin bá ká ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un, ó fi há inú fìlà kó lè dúró. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ ti wà lórí rẹ̀. Kò ráyè wọnú.

Dókítà Àgbà, olórí gbogbo ilé ìwòsàn agbègbè wa, ti kéde pé akọ̀wé tí ìwé rẹ̀ bá kún jù, tó sì tọ́ jù, ni òun yóò gbé lọ sí Àjàṣẹ́, kó máa ṣe olórí gbogbo akọ̀wé ilé ìwòsàn. “Kún jù” nìkan ni Marcellin gbọ́. Ó ti ta ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti dágbére fún ìdajì ìlú.

Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ igi máńgòrò láti kọ́ wọn níṣẹ́: Victorine tó ń gbẹ̀bí, Kàsímù tó ń di ọgbẹ́, àti Fábíyì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ tẹ́tí! Akọ̀wé gidi kì í gbórí sókè. Béèrè, kọ ọ́, pe ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ni kò mọ̀.”

Victorine nawọ́. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn obìnrin wa kì í fẹnu ara wọn pe orúkọ ọkọ. Tí a bá bi wọ́n, ‘Olówó-orí mi’ ni wọn yóò wí. Ṣé kò yẹ ká bi ẹni tó sìn wọ́n wá?”

“Victorine, ta ló lọ sí Àjàṣẹ́, èmi àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin ni, ọ̀gá.”

“Ó parí!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fábíyì. Ó sọ ọ́ di ikọ́.

Àṣé ọ̀gá kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kálàmù. Akọ̀wé-má-wojú-ẹni, Aré-bí-ìjì-lórí-ìwé, òun nìkan ló jókòó ti tábìlì nígbà tí àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

“Orúkọ?”

“Ìyábùnmi.”

“Ìlú?”

“Massè ni.”

“Orúkọ ọkọ?”

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Olówó-orí mi ni.”

“Olówó-orí. Ẹlòmíràn!”

Báyìí ni wọ́n ń wọlé, báyìí ni wọ́n ń jáde. Lọ́jọ́ kẹfà, Jeanne, ìyàwó Marcellin gan-an, wá gba oògùn ikọ́. Ó dúró síwájú tábìlì. Ọkọ rẹ̀ kò gbórí sókè.

“Orúkọ?”

Jeanne wo fìlà náà títí. “Jeanne ni.”

“Ìlú?”

“Níbí náà ni. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn.”

“Orúkọ ọkọ?”

“Olówó-orí mi.”

“Olówó-orí. Ẹlòmíràn!”

Jeanne gba oògùn rẹ̀, ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ọjọ́ ọjà ni Dókítà Àgbà dé láti yẹ ìwé wò, àgbàlá sì kún fọ́fọ́. Ọmọ ìhà àríwá ni dókítà, kò gbọ́ èdè wa; Victorine ló ń túmọ̀. Ó ṣí ìwé, ó rí i bó ti kún, ó mi orí. Orí Marcellin wú débi pé fìlà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu.

“Ta ni Olówó-orí?” ni dókítà bi í.

“Àgbẹ̀ pàtàkì ni, dókítà,” ni Marcellin dáhùn kíá. “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ìyàwó mọ́kàndínlógún ní Massè, mẹ́tàdínlógún ní Ikpinlè, márùn-ún níbí! Mọ́kànlélógójì! Mo gbọ́dọ̀ rí ọkùnrin yìí. Kí àwọn ìyàwó rẹ̀ tó wà níbí dìde.”

Victorine túmọ̀ rẹ̀, ó ń gé ètè jẹ. Ni gbogbo abilékọ tó wà ní àgbàlá bá dìde gìrì, arúgbó àti ìyàwó tuntun, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn. Jeanne náà dìde.

Dókítà nawọ́ sí i. “Ìwọ, fi ọkọ rẹ hàn mí.”

Jeanne kúnlẹ̀. “Dókítà, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀.” Ó fi ètè júwe. “Òun ló wà lábẹ́ fìlà yẹn.”

Àgbàlá hó yèè.

“Kì í ṣe ọkọ tèmi o!” ni Ìyábùnmi kígbe.

“Ọkọ gbogbo ayé, a kí yín o!” ni Fábíyì wí. “Ewúrẹ́ méjì péré lẹ tà. Báwo lẹ ṣe rí owó orí obìnrin mọ́kànlélógójì san?”

“Ṣí fìlà yẹn kúrò,” ni dókítà wí.

Marcellin ṣí i. Ìwé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ já bọ́ sílẹ̀. Victorine mú un, ó tẹ́ ẹ, ó kà á sókè: “Wo ojú ẹni tí ò ń bi. Mọ àṣà ibi tí o wà. Ka ohun tí o kọ sí i létí, kí o tó pe ẹlòmíràn.”

Dókítà gbé kálàmù lé Victorine lọ́wọ́. Ó ní kí Marcellin lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, kí wọ́n tún ìwé orúkọ kọ, kí wọ́n sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Victorine wò ó lójú. “Orúkọ, ọ̀gá?”

“Marcellin Oyèbánjí.”

“Ìlú?”

Ó fi ohùn kékeré wí pé: “Adja-Ouèrè.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè, a rò pé Àjàṣẹ́ ni!” ni Kàsímù ké láti ẹ̀yìn.

“Ìyàwó mélòó?”

“Ọ̀kan.”

Victorine kọ ọ́, ó kà á sókè, ó wá yíjú sí Jeanne. “Ọ̀kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó ọ̀gá?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni,” ni Jeanne fèsì. “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í lẹ́ẹ̀kejì.”