Orin Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀ há sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ké gbà-mí-gbà-mí, ìyàwó ẹ̀ ń gbè é bí orin!

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ jẹ́ n mí ná.

Olórí akọrin wa ló fà á. Ó ń wá ẹni tó máa dá orin kọ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí oníkálukú gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ nílé, kó gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi gbé tiẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà.

"Télọ̀, ṣé inú kànga lo ti kọ ọ́ ni?"

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe yá a ní ẹ̀rọ ìgbohùn, ó sì là á lóye: "Ògiri yàrá yín ló ń dá ohùn padà. Aṣọ ló lè gbé e mì. Wọ àárín aṣọ lọ!"

Ta ló láṣọ tó télọ̀? Ó fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ kó má baà dún, ó tẹ ẹ̀rọ, ó gbé e dání wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ilẹ̀kùn.

Gbàgà!

Ilẹ̀kùn tì pa.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn o!"

Mo tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀ sáré wọ yàrá. Ìyàwó ní, "Háà, orin tuntun!" Ló bá gbè é: "Ṣílẹ̀kùn, ṣílẹ̀kùn o!"

"Mi ò lè mí mọ́!"

"Kò lè mí mọ́, ṣílẹ̀kùn o!"

Gbì! Gbì! Gbì! Ó ń fẹsẹ̀ lu pákó.

Èmi gan-an ti ń jó.

Ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá Ìbejì, ìlù yẹn dùn o!"

"Obìnrin yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Mo dá ijó dúró. Irú orin wo nìyẹn?

Ìgbà tá a fi irin já ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síta gbìì, òógùn bo gbogbo ara ẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan wà lórí ẹ̀ bíi fìlà.

Àkókò ti lọ. Kò ráyè gba òmíràn. A gbé ẹ̀rọ náà, ó di eré.

Olórí akọrin tẹ́tí. Ó dijú. Ó ń mi orí.

"Ohùn yìí mọ́ gaara!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín dé etí. "Ẹ ṣeun, sà."

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ìyàwó mi ni, sà."

"Òun la mú."

"Èmi... èmi ńkọ́, sà?"

"Kí lò ń lù yẹn?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù ni, sà."

"Gbé e dání lọ́jọ́ Sátidé."