Àlejò Tó Wá Gbóòórùn Irú ní Ìdí-Igbá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé a kì í fi imú àlejò yan irú? Ẹ má wulẹ̀ máa wo ojú ara yín. Ẹni tó bá ní láti ayé Oòduà ni òwe náà ti wà, kò mọ̀ ọ́n. Òwe yìí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láàyè, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sóko. Ìlú Ìdí-Igbá, lọ́nà Ṣakí, ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún ló sì bí i.

Rẹ̀mílẹ́kún yìí, ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló lọ kà ní yunifásítì, ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ohun tí òun fẹ́ kà nìyẹn, ìyá ní, "Rẹ̀mí, ọbẹ̀ tí mo kọ́ ẹ sè, kò tó ni?" Ọ̀rọ̀ náà kò yé e títí ọmọ fi parí ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ kà, a ní, "Wọ́n ní nípa kí oúnjẹ má bàjẹ́ ni," a sì tètè béèrè àlàáfíà ọmọ tiwọn.

Ṣùgbọ́n Alhaji Lásísì mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó gbà á síṣẹ́. Alhaji ló ni iléeṣẹ́ Irú Afọbẹ̀dùn, níbi tí wọ́n ti ń se hóró igbá, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi di irú, kí wọ́n tó bù ú sínú ike. Kí Rẹ̀mílẹ́kún tó dé, bí irú ọ̀sẹ̀ yìí bá dùn, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè korò bí ewúro. Rẹ̀mílẹ́kún ló ń wọn ooru inú apẹ̀rẹ̀. Ní àràárọ̀, á ṣí ewé, á gbóòórùn, á fi orí ìka tọ́ ọ wò, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. "Eléyìí ku ọjọ́ kan." "Eléyìí ti tó, ẹ gbé e." Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ sọ ọ́ ní Atọ́wò. Ọdún mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó dá ike irú kan padà fún Alhaji.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Alhaji lọ sí ìpàdé àwọn oníléeṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru dìde níbẹ̀, ó ní ayé ti yí, ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé, ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn, tí kì í sùn, tí kì í sì í gba ìsinmi nítorí pé àbúrò rẹ̀ ń ṣègbéyàwó. Ó ní kí ọdún márùn-ún tó pé, kò sẹ́ni tí yóò nílò àwọn tó kàwé nípa oúnjẹ mọ́. Alhaji kò jẹ ìrẹsì ìpàdé náà tán. Ó ti lọ ra ẹ̀rọ.

Ọkọ̀ méjì ló gbé ẹ̀rọ náà wá. Ó ní ojú gíláàsì kan, ó ní bẹ́líìtì gígùn tí ọjà ń gùn kọjá lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní imú, ọ̀pá rọ́bà kan tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọwọ́jà erin. Alhaji kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní, "Ẹ wá kí àlejò wa." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àlejò. Àlejò dá wọn lóhùn ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Dípò kó ní òun wá yẹ irú wò, ó ní òun wá yẹ ìrù wò. Ìyá Múnírátù, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń se igbá, fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ní, "Ti èmi ò sí níbí."

Alhaji pe Rẹ̀mílẹ́kún sí ọ́fíìsì. Ojú ń tì í, òrùlé ló ń wò.

"Rẹ̀mí, mi ò lé ẹ. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ò ń ṣe, ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Máa bá wọn lẹ bébà mọ́ ike ná."

"Alhaji, níbo ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ yẹn bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn?"

"Òkè òkun ni," Alhaji dáhùn, ara rẹ̀ sì yá gágá. "Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí irú wàrà tí kò tíì gbóòórùn rẹ̀. Búrẹ́dì, bọ́tà, èso, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀."

"Irú tiwa ńkọ́?"

Alhaji tún wo òrùlé. "Ẹni tó bá mọ bọ́tà, á mọ irú."

Bẹ́ẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣe di ẹni tó ń lẹ bébà. Ó jókòó ti gọ́ọ̀mù, ó ń ro àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Ọ̀kan ti wà ní Kánádà tó ń tọ́jú arúgbó, ọ̀kan, Bísọ́lá, ti ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ṣakí. Ó bi ara rẹ̀ bóyá ìyá òun ló jàre. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ apá. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé kọjá níwájú rẹ̀, á mú díẹ̀ níbẹ̀, á tọ́ ọ wò, á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi ewé pọ́n díẹ̀ pa mọ́. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò lè dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ irú àkọ́kọ́ sórí bẹ́líìtì. Imú Àlejò wọ inú ewé, ó sì fà padà fìrì bí ẹni tí iná jó. Iná pupa tàn. "Ọjà yìí ti bàjẹ́. Ẹ dà á nù." Ó lẹ bébà pupa mọ́ ọn, KÒ YẸ FÚN JÍJẸ, bẹ́líìtì sì gbé e gba ojú ihò kan jáde sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Apẹ̀rẹ̀ kejì, bákan náà. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá ti wà nínú kòtò.

"Alhaji," ni Ìyá Múnírátù wí, "irú yìí ò bàjẹ́. Irú ni."

"Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Mi ò ní ó purọ́. Mo ní kò mọ̀ ọ́n."

Alhaji kò gbọ́. Ó pàṣẹ kí wọ́n dín ọjọ́ kù. Wọ́n ṣe ọjọ́ méjì, Àlejò ní ó bàjẹ́. Wọ́n ṣe ọjọ́ kan, wọ́n sì fi omi mẹ́fà ṣàn án, ó ní ó bàjẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fi ọṣẹ olóòórùn fọ apẹ̀rẹ̀, kò ṣàn án dáadáa. Imú Àlejò dúró pẹ́ lórí ìyẹn, iná àwọ̀ ewé tàn. "Òórùn dídùn. Ó yẹ fún jíjẹ." Rẹ̀mílẹ́kún ló sáré gbé e kúrò kí wọ́n tó bù ú sí ike. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé igbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná síwájú rẹ̀, igbá tí kò tíì rí ewé sójú. Àlejò yìn ín. Alhaji dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n bù ú sí ike, wọ́n kó o ránṣẹ́ sí Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkùnrin kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ gun ọ̀kadà dé, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé itan. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Alhaji, ẹ tọ́ ọ wò."

Alhaji tọ́ ọ wò. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ pákó.

"Irú yín nìyẹn," ọkùnrin náà ní. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá ìyàwó mi jà. Mo ní bó bá ṣe pé ó ṣì fẹ́ràn mi ni, ọbẹ̀ rẹ̀ ò ní rí báyìí. Ó ti kó lọ sílé ìyá rẹ̀. Àná ni mo wá sè é fúnra mi, bákan náà ló rí, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn ara mi dáadáa, ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Alhaji ní láti fi bébà iléeṣẹ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó oníyàwó.

Ó pe ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un. Onítọ̀hún ní Alhaji kò tíì fún Àlejò láṣẹ tó ni, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ìlẹ̀kùn àti fèrè ìkìlọ̀. Alhaji so ó mọ́ ọn. Ọ̀ràn náà sì jẹ́ kánjúkánjú, nítorí Ọjọ́rú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ oúnjẹ wò ń bọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé, Afọbẹ̀dùn lè máa tajà fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ń retí wọn.

Ọjọ́rú pé. Alhaji wọ agbádá funfun tuntun. Kó lè lágbára, ó ti jẹ ẹ̀fọ́ rírò abọ́ méjì nílé, irú ìgbà Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sì fi rò ó, torí ìyàwó Alhaji kì í fẹnu kan irú tuntun ilé ọkọ rẹ̀. Ó ti to ti àtijọ́ sínú ìgò mẹ́ta, ó fi í pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé. Alhaji mú wọn lọ síbi ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Àlejò, kí àwọn ọ̀gá." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, ó gùfẹ̀ díẹ̀.

Imú Àlejò yí padà. Ó gbóòórùn ẹnu Alhaji, ó gbóòórùn irùngbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Iná pupa tàn.

"Ọjà yìí ti bàjẹ́."

Alhaji rẹ́rìn-ín kékeré. "Ó ń ṣeré ni."

"Ọjà yìí ti bàjẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn."

Àwọn ìlẹ̀kùn tì gbàgà. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Alhaji fẹ́ sún sẹ́yìn, apá agbádá rẹ̀ há sínú bẹ́líìtì, bẹ́líìtì sì fà á gorí. Ó kọ́kọ́ jókòó, ó wá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sókè. Nígbà tó kọjá lábẹ́ ojú gíláàsì, Àlejò lẹ bébà pupa mọ́ ọn níwájú orí. "Ẹ dà á nù," ló wí, Alhaji sì gba ojú ihò jáde. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ nínú kòtò. Ìró jẹ́jẹ́ ni, torí irú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bọ́ sí.

Ìyá Múnírátù yọjú láti ojú ihò. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un mọ́ra. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Inú ilé wá gbóná. Ìlẹ̀kùn kò ṣí, Àlejò ní afẹ́fẹ́ inú ilé kò tíì mọ́. Ẹnìkan ń ti fèrèsé, ẹnìkan ń gbàdúrà. Rẹ̀mílẹ́kún nù gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó lọ mú ọṣẹ olóòórùn nídìí omi, ó rọra fi ra imú Àlejò yíká. Iná àwọ̀ ewé tàn. "Òórùn dídùn. Ó yẹ fún jíjẹ." Ìlẹ̀kùn gbogbo ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo wọn jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Alhaji wà nínú kòtò dé ìbàdí, bébà pupa ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ta ló ń bójú tó bí irú yín ṣe dára sí níbí?" Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá béèrè.

Alhaji nawọ́ sí Rẹ̀mílẹ́kún.

Rẹ̀mílẹ́kún mú ìwé rẹ̀ wá, ó kó irú tó fi ewé pọ́n pa mọ́ wá pẹ̀lú. Apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó lò, bó ṣe gbóná tó, ohun tí Àlejò sọ, ohun tí ahọ́n òun sọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá ń kà, ó ń tọ́ ọ wò. Nígbà tó kan èyí tí wọ́n fi ewé bò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwé yìí ni mo wá wò," ó ní. "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé kò dára ni?"

"Ó dára, Mà," Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Àlejò ni. Kò sẹ́ni tó mú un mọ̀lú."

Obìnrin náà kò fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò padà wá lóṣù mẹ́ta, orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún ni òun sì fẹ́ rí nísàlẹ̀ ìwé.

Alhaji wẹ̀ nígbà mẹ́ta. Nígbà tó wẹ̀ tán, ó pe Rẹ̀mílẹ́kún, kò sì wo òrùlé mọ́. "Rẹ̀mí, kí lo fẹ́?"

"Mi ò lẹ bébà mọ́, Alhaji. Màá kọ́ Àlejò ní òórùn irú, láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹta. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ju ẹnìkan lọ. Mo fẹ́ ẹni méjì tó kàwé nípa oúnjẹ bíi tèmi."

"Ẹ̀rọ tí mo rà kí n lè dín òṣìṣẹ́ kù nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àlejò kan, onílé mẹ́ta ló ń gbà."

Bísọ́lá fi òkìrìkà sílẹ̀ ní Ṣakí, ó dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun àti ẹnìkan láti Ìṣẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ki imú Àlejò bọ inú ewé, tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Eléyìí dára, eléyìí kò tíì tó, eléyìí ló bàjẹ́ lóòótọ́." Ó mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrù ló ṣì ń pè é. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá padà wá, ó fọwọ́ síwèé. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń ṣe fùfú ní Ìwó fi wá bẹ Rẹ̀mílẹ́kún, torí ẹ̀rọ tirẹ̀ ti pe àwọn panápaná sí fùfú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ṣe ògìrì ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ìyá Rẹ̀mílẹ́kún báyìí pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, ó ní, "Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n imú nìkan ló ń kọ́."

Ìyàwó ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ka lẹ́tà Alhaji. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò ná.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Ìdí-Igbá títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iṣẹ́ onímọ̀ lé ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn àgbà kì í bá a jà. Wọn a ní kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Alhaji Lásísì, ọkùnrin tí wọ́n dà nù ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, tòun ti agbádá tuntun, lójú ìjọba. Bó bá dé ọ̀hún, Alhaji fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un, yóò sì rọra sọ ọ́: a kì í fi imú àlejò yan irú.