Ọ̀jọ̀gbọ́n Méjìdínlọ́gọ́fà àti Ogójì Télọ̀ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye àpilẹ̀kọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ti kọ kò ní láti béèrè. Kó ṣáà kí i. Bí ẹ bá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," yóò rọra bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò ní, "Káàárọ̀ o. Èmi tí mo ti kọ méjìdínlọ́gọ́fà, mo ṣì ń jí kí aago márùn-ún tó lù." Ó kọ iye náà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀. Nígbà kan tí dókítà bi í pé ẹni ọdún mélòó ni, méjìdínlọ́gọ́fà ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Méjìdínlọ́gọ́fà. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun gbà á bí oyè.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni ipò Díìnì, olórí ẹ̀ka wọn ní yunifásítì. Díìnì tó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹni méjì ló sì ń du àga rẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n wa yìí, àti obìnrin kan tí gbogbo ẹ̀ka ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́ nítorí pé kì í pariwo. Mẹ́rìnlá péré ni àpilẹ̀kọ Màmá Jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mẹ́rìnlá? Èmi máa ń kọ mẹ́rìnlá lọ́dún tí ara mi ò bá yá."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀ka ń wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá wọn tọ́jú ìwé ìtọ́kasí, èyí tí yóò máa rántí ẹni tó kọ ìwé wo, lọ́dún wo, lójú ewé wo, kí òǹkọ̀wé má baà máa wá a káàkiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni alága ìgbìmọ̀ tí yóò yàn án. Alábòójútó ilé ìkàwé, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, gbé ètò mẹ́ta wá bá a.

"Àkọ́kọ́ yìí rọrùn, sà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n lò."

"Níbo ló ti ń kọ iye?"

"Iye kí ni, sà?"

"Iye iṣẹ́ èèyàn."

"Ó wà nísàlẹ̀ níbí. Ó kéré díẹ̀."

"Ẹ gbé e kúrò."

Ìkejì ò kọ iye rárá, wọn ò sì jókòó tì í. Ìkẹta ló mú kí ojú ọ̀jọ̀gbọ́n là. Ètò yìí máa ń kọ nọ́ńbà pupa tó tóbi bí àwo oúnjẹ, á sì fi àwòrán ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, sà," ni Àǹtí wí. "Kì í wo àkọlé nìkan. Ó máa ń ka inú iṣẹ́, àwọn tó bá sì jọ ara wọn..."

"Kó kà á. Kí gbogbo ayé bá a kà á."

"Sà, ohun tí mò ń sọ ni pé..."

"Àǹtí, ẹ ò tíì kọ méjìdínlọ́gọ́fà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀."

Àǹtí gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló tún dá a lábàá pé ọjọ́ ìdìbò ni kí wọ́n ṣí ètò náà, kí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn méjèèjì sínú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti rò ó pé tí wọ́n bá rí nọ́ńbà pupa yẹn, ìdìbò ti parí.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Àǹtí tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ti Màmá Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ jáde: mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, méjìdínlọ́gọ́fà, pupa yòò. Ó dìde, ó fọwọ́ sáyà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pàtẹ́wọ́. Ni ọ̀rọ̀ kan bá yọ lábẹ́ nọ́ńbà náà: Mo rí àwọn iṣẹ́ tó jọra. Ṣé kí n pa wọ́n pọ̀?

"Kí ló ń béèrè?" ni Díìnì wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò jẹ́ kí Àǹtí dáhùn. "Ó rí i pé iṣẹ́ mi bára mu látòkè délẹ̀ ni. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó di ọgọ́rùn-ún, ó di ọgọ́ta, ó dúró, ó gbé àpilẹ̀kọ méjì sára ògiri.

"Ó ń béèrè èyí tí ká dá sí, sà," ni Àǹtí wí, bí ẹni tó ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ṣúgà. "Ojú Tí Télọ̀ Fi Ń Wo Iṣẹ́ Rẹ̀ nìyí. Èyí ni Iṣẹ́ Télọ̀ àti Ojú Tó Fi Ń Wò Ó."

"Wọ́n yàtọ̀ síra pátápátá. Nínú ọ̀kan, télọ̀ ló ṣáájú. Nínú èkejì, iṣẹ́ ló ṣáájú."

"Télọ̀ mélòó lẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú tàkọ́kọ́?" ni Díìnì bi í.

"Ogójì."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ogójì."

"Ṣé àwọn kan náà ni?"

"Wọ́n ti dàgbà sí i."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ogún ọdún sẹ́yìn ni ọ̀jọ̀gbọ́n bi ogójì télọ̀ ní ìbéèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, látìgbà náà ló sì ti ń jẹun lára wọn. Àwọn kan nínú wọn á ti kú. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n ṣì ń dáhùn ìbéèrè lọ́dọọdún.

Nọ́ńbà já títí ó fi di mẹ́rin. Òógùn bo ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣírò ọ̀nà tí mẹ́rin fi lè ju mẹ́rìnlá lọ. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ tún gbé méjì síwájú. Wọn kì í ṣe ti télọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ni, èyí tó kọ nígbà tí àwọn olùkọ́ méjì kú ní ẹ̀ka náà. Orúkọ òkú nìkan ló yàtọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà ni ọkọ Màmá Jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà dìde. Ó ka ìlà kan lára ògiri: "Nígbà tó bá ń kọrin, ara gbogbo wa á balẹ̀." Ẹ̀rín ti tán nínú gbọ̀ngàn.

"Ọkọ mi ò mọ orin kọ," ló wí. "Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ nílé, àwọn ọmọ á lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ka èyí, mo ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ohùn burúkú yẹn dùn létí yín. Mo fi í sínú férémù. Ọdún mẹ́fà ló ti wà ní pálọ̀ mi." Ó yíjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ṣé ẹnì kejì ló mọ orin kọ?"

"N ò mọ̀," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Ọ̀rọ̀ òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Èwo ni ká dá sí, sà?" ni Àǹtí bi í.

Màmá Jẹ́jẹ́ ló dáhùn fún un. "Ẹ bá mi pa méjèèjì rẹ́."

Nígbà tí wọ́n dìbò, nọ́ńbà pupa ara ògiri ti di méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìbò kan, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó dì í.