Gọ́tà Ni Ààlà

Láti ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Ìbejì ti fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ omi, torí pé ilé aṣòfin ló ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ aṣọ tí ó fẹ́ fi ya fọ́tò pósítà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ ìkòkò níwájú ilé ìdáná. Gọ́tà ló wà láàárín wọn, pẹ̀lú pákó kan tí wọ́n ń gbà kọjá.

"Ìyá Ìbejì, láti òní lọ, Ọnọ́rébù ni kí o máa pè mí."

"Ẹ kú oríire o, Ọnọ́rébù. Wọ́n ti dìbò ni, àbí ojú oorun lẹ ti wọlé?"

"Mo ti wọlé kí wọ́n tó dìbò! Ìjọba ti fọwọ́ sí ẹkùn ìdìbò tuntun wa. Ṣé o mọ ẹni tó sọ ibi tí ààlà máa gbà fún ìgbìmọ̀ tó ń pín ẹkùn?"

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ẹ ò ní bi mí."

"Èmi ni! Mo ní, 'Ẹ̀yin àgbà, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí gọ́tà àdúgbò wa jẹ́ ààlà.' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi!"

"Kí wá ni gọ́tà ṣe tí ẹ fi fún un níṣẹ́ ìjọba?"

"Tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì títì ni mo ń sá fún. Òun náà fẹ́ díje. Gbogbo ọmọ tó kọ́ níwèé ló ti dàgbà tó ń dìbò! Ṣùgbọ́n bí gọ́tà bá ti jẹ́ ààlà, Tíṣà dèrò ẹkùn àtijọ́, èmi wà nínú tuntun. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Bó bá fẹ́ wá díje lọ́dọ̀ wa ńkọ́?"

"Mo ti dí ihò yẹn. Èmi náà ni mo dábàá òfin pé ẹni tí kò bá sùn nínú ẹkùn kan kò gbọdọ̀ díje níbẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo pákó, ó tún wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, gọ́tà wo?"

"Mélòó la ní?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni. Iwájú ilé ló ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ ní òórùn rẹ̀ ń lé àlejò yín. Ta ló kó lébìrà wá lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n dí i níwájú, tí wọ́n gbẹ́ ẹ gba ẹ̀yìnkùlé?"

Bàbá Ìbejì yíjú wo ọ̀nà iwájú ilé.

"Mo ní kí ẹ má gbà á sáàárín èmi àti ilé ìdáná mi. Ẹ ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa gọ́tà."

"Gọ́tà àtijọ́ ni mo ní lọ́kàn!"

"Àwọn tó wá fi ọ̀dà kun ààlà láàárọ̀ yìí ò rí inú ọkàn yín. Gọ́tà ni wọ́n rí. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ó wo ilẹ̀. Ọ̀dà pupa tẹ̀lé etí gọ́tà láti ògiri dé ògiri, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ẹnu bàtà tuntun rẹ̀.

"Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀," ni ìyàwó wí.

"Ṣé ilé mi wá bọ́ sí..."

"Ọ̀dọ̀ Tíṣà."

"Yàrá mi ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ Tíṣà."

"Fọ́tò bàbá mi tó wà ní pálọ̀?"

"Àwọn náà á dìbò fún Tíṣà."

"Mo gbé! Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀! Wọ́n ti gbé àga mi fún ẹlòmíràn!" Ó jókòó gbì sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ àánú náà kò dé ẹnu.

Lójijì, Bàbá Ìbejì fò dìde.

"Dúró ná! Ilé ìdáná ńkọ́? Òdìkejì gọ́tà ló wà! Inú ẹkùn tuntun ni! Òfin ní kí n ṣáà ti máa sùn níbẹ̀ ni. Màá tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyá Ìbejì, fà mí lọ́wọ́!"

Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan pákó, ìyàwó ti fa pákó náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ rọra, Ọnọ́rébù."

"Kí ló dé? Ṣebí ọkọ rẹ ni mí!"

"Ọ̀hún yẹn lẹ ti jẹ́ ọkọ. Níhìn-ín, olùdíje ni yín. Ẹkùn yìí sì ti ní aṣojú. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń fọ ìkòkò níbí, ẹ ò wá kí i rí, àfi ìgbà tí ìbò dé."